Irin kán nínú ojúgun àbúrò mi: ta ni ká mú?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oṣù 9 sẹ́yìn ni Máíkírà kan kọ lu àbúrò mi ọkùnrin lórí ọ̀kadà ní Challenge, níhìn-ín ní Ìbàdàn. Ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún kán, eegun yọ síta. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti súkúrúù 8 dè é. Gbèsè rẹ̀ la ṣì ń san. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ "káú" nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. X-ray fi hàn pé irin ti dá sí méjì. Dókítà ní àfi kí wọ́n tún un ṣe. Bàbá wa ní ayédèrú irin ni wọ́n tà fún wa, ká lọ mú ẹni tó tà á. Ẹbí ìyá wa ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Èwo ni ká ṣe? Ta ni ká mú?

* * *

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì mú ẹnikẹ́ni.

Sípíà pátì ni mò ń tà ní Gate. Ojúgun tèmi náà ti kán rí, ẹsẹ̀ òsì, irin inú rẹ̀ sì dá lẹ́yìn oṣù 7. Tèmi kò tilẹ̀ dún. Mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní ìdájí pé kí n lọ tọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, ẹsẹ̀ náà yẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí ìkọ́ rẹ̀ ti jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé ojúgun mi ti tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ohun tí bàbá yín sọ gan-an ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi: "Wọ́n ti ta fékì fún mi!" Èmi tí mo wà lọ́jà, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi páálí tuntun di ẹrù àlòkù, mo gbà pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ariwo ni mò ń pa kiri wọ́ọ̀dù. Dókítà kékeré kan, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ló wá jókòó tì mí. Ó mú hángà onírin tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí n máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, lójú kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ibẹ̀ gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì já. Ó ní, "Bàbá, ṣé fékì ni hángà yìí?"

Irin tí wọ́n fi sínú ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ tuntun. Ó kàn ń bá eegun di ara rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, irin yẹn ń tẹ̀ díẹ̀ tí ojú ò lè rí, ó tún ń padà. Bí eegun bá tètè so, eegun á gba ẹrù lórí irin. Bí kò bá so, irin á máa dá a gbé lọ títí agara á fi dá a. Ì báà ṣe Jámánì ni wọ́n ti rọ ọ́, agara á dá a. Eré ni eegun àti irin ń sá, ti àbúrò yín, irin ló kọ́kọ́ ṣubú.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ gbé tọ dókítà lọ ni pé: kí ló dé tí eegun ò fi so fún oṣù 9? Ẹ bá mi bi àbúrò yín náà léèrè: ǹjẹ́ ojú egbò kankan wà níbẹ̀ tó ṣì ń tú omi, bó ti wù kó kéré tó?

* * *

Ẹni tó kọ̀wé lẹ́yìn mi ní mò ń gbèjà àwọn oníjìbìtì. Ó ní òun rí súkúrúù tí wọ́n fi bébà ìwé ìròyìn wé wá fún ẹ̀gbọ́n òun.

Mi ò sọ pé ayédèrú kò sí. Kí ni wọn kì í ṣe ayédèrú rẹ̀ nílùú yìí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n mẹkáníìkì wò ó. Bí nǹkan bá kán, ibi tó ti kán àti ìgbà tó kán ló máa ń sọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo gbé fíìmù X-ray mi sójú fèrèsé, oòrùn àárọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Irin náà dá lójú ihò kan tí wọn kò fi súkúrúù sí, gẹ́lẹ́ níbi tí eegun ti kán. Ibẹ̀ ni irin ti fúyẹ́ jù, ibẹ̀ náà ló ń tẹ̀ jù. Agara nìyẹn. Súkúrúù méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ṣì dì mọ́ eegun bí ẹni pé àná ni wọ́n dè é.

Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni gbogbo rẹ̀ tú, ìyẹn á yàtọ̀. Nígbà yẹn, màá bi ẹni tó dè é: ṣé irin náà kúrú jù ni, ṣé ọ̀pá náà (bó bá jẹ́ ọ̀pá ni wọ́n ti bọ inú eegun) tín-ín-rín jù fún ẹni tó wúwo, ṣé súkúrúù tó wà lápá kan eegun kò tó ni, àbí aláìsàn ló ṣubú tí kò sọ? Bí súkúrúù bá sì fà yọ dípò kó kán, ẹ wo eegun fúnra rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ara àgbàlagbà, nítorí eegun wọn máa ń rọ̀, súkúrúù kì í rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n irin tó gbé odindi ọkùnrin lórí eegun tí kò so fún oṣù 9, tó ń gun àtẹ̀gùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀, èmi ò lè bá irin yẹn jà o.

Bí bàbá bá ṣì ta kú, ẹ ní kí wọ́n wo inú fáìlì. Irin tó bá ti ilé iṣẹ́ gidi wá máa ń ní ìlẹ̀mọ́ kékeré tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì aláìsàn. NAFDAC ni ọ̀rọ̀ ohun èlò ìwòsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe oògùn àti omi inú ọ̀rá nìkan. Bí ìlẹ̀mọ́ kò bá sí, tí rìsíìtì kò sí, a tún lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ látibẹ̀.

* * *

Ẹlòmíràn béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ojúgun ló ń ṣe báyìí, pé itan àbúrò òun kán, ó sì so bí ẹni fi àtè lẹ̀ ẹ́.

Ẹ fi ọwọ́ kan ojúgun yín báyìí, lápá iwájú, níhà inú. Awọ nìkan ló wà láàrín ọwọ́ yín àti eegun. (Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi ojúgun gbá àga fi máa ń bú àga náà.) Itan ní ẹran yí ká, ẹran náà ló ń bá wọn gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún eegun tó kán. Ojúgun kò ní olùrànlọ́wọ́ níwájú yẹn. Bó bá wá lọ yọ síta bíi ti àbúrò Àǹtí, díẹ̀ tó ní ti tú dànù sójú títì, yanrìn àti ìdọ̀tí ti gba ipò rẹ̀. Èyí tí kò yọ síta sábà máa ń gba oṣù 4 sí 6 kó tó so. Èyí tó yọ síta lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní òṣùwọ̀n kan tí àwọn dókítà ń lò: bí oṣù 9 bá pé, tí àyípadà kankan kò sì hàn fún oṣù 3 tó gbẹ̀yìn, eegun yẹn ti kọ̀ láti so nìyẹn. Àwọn kan kì í dúró dìgbà yẹn kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀, èmi náà kò sì rí ìdí tí wọ́n á fi dúró.

Ohun tó ń dá eegun dúró pọ̀. Kòkòrò tó wọ inú egbò, tó fara pa mọ́ sára irin. Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ láàrín eegun méjì. Ìtọ̀ ṣúgà. Sìgá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbi sìgá, nítorí èmi ni. Nǹkan bí igi 10 ni mò ń mu lóòjọ́ nígbà náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kí ìyàwó mi má baà rí mi. Kò sẹ́ni tó bi mí nílé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, èmi náà ò sì sọ. Sìgá máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, eegun tó kán sì ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo padà sọ́jà. Wọ́n ní kí n máa fi ẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi ń bá ọmọ iṣẹ́ gbé gíábọ́ọ̀sì Corolla. Àwọn ará ọjà ń kí mi pé "ọkùnrin ni ẹ́!" Ẹ wo ibi tí ọkùnrin bá mi dé.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní kó má tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá, ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́ tán. Eegun fẹ́ kí wọ́n rán òun létí pé iṣẹ́ wà, ẹrù díẹ̀díẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́. Ó wà lọ́wọ́ irú irin tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀pá tó gba inú mùdùnmúdùn eegun kọjá máa ń gbà kí èèyàn tètè tẹ̀ ẹ́ ju irin pẹlẹbẹ tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ eegun lọ. Ohun tó dára ni kí dókítà sọ iye tó yẹ, kí aláìsàn sì gbọ́. Èmi gbọ́, mi ò gbà.

* * *

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ̀yin tí ẹ ní kó máa jẹ bọ̀kọ̀tọ̀: ẹsẹ̀ màlúù kì í tún ẹsẹ̀ èèyàn ṣe. Ẹ jẹ ẹ́ bó bá wù yín, ó dùn. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, wàrà, ìwọ̀nyẹn ló ní ohun tí ara fi ń mọ ilé. Ìyá mi fi ọbẹ̀ bọ̀kọ̀tọ̀ bọ́ mi fún oṣù 4. Kò so eegun, ṣùgbọ́n mo sanra, irin wá gbé ẹrù kún ẹrù.

* * *

Ó ti di ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to eegun báyìí, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ la máa dé. Ẹnìkan ní bàbá òun ló to eegun bàálẹ̀ wọn tí dókítà fẹ́ gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní apànìyàn ni gbogbo wọn.

N kò bú àwọn baba wa. Ìgbọ̀nwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òmíràn lára wọn ló fi ọparun dì í, ó sì jiná. Mo sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sá lọ bá wọn: owó ilé ìwòsàn, àti ìbẹ̀rù pé wọ́n á gé ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin tó ń yìn wọ́n kò sọ ni ti ọparun tí wọ́n dì le jù, tí ẹ̀jẹ̀ kò lọ mọ́, tí ọmọ ìka bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tó wá jẹ́ pé ẹni tó sá fún gígé ló wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gé e. Ẹ bi èyíkéyìí nínú àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù eegun.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ti àbúrò Àǹtí kì í ṣe eegun tó kán lásán mọ́. Irin tó dá, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló wà lábẹ́ awọ tí kò nípọn ju aṣọ lọ. Ẹ wá ní kí ẹnìkan máa fi òrí fọwọ́ ra ibẹ̀? Bàbá tó mọṣẹ́ rẹ̀ dáadáa pàápàá kò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tí wọ́n gbé mi lọ bá, lápá Mọ́níyà, wo fíìmù mi, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a padà sí mi láyà. "Ẹ gbé e padà fún ẹni tó gbé irin sí i." Mo ṣì ń kí wọn títí dòní.

* * *

Ẹnìkan pariwo pé irin tó bá ti kán gbọ́dọ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, pé ìpẹtà rẹ̀ á wọ ẹ̀jẹ̀.

Rárá. Irin tí wọ́n fi ń ṣe é kì í tètè dípẹtà bíi ti kẹ̀kẹ́ ọmọ yín. Ó ní ibi tí kíkán gan-an ti ń ṣe rere: súkúrúù kékeré tó di ọ̀pá inú eegun mú lókè tàbí nísàlẹ̀ lè kán, kí eegun méjèèjì wá súnmọ́ra, kí wọ́n sì so. Dókítà pàápàá máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yọ súkúrúù kan nígbà mìíràn kí eegun lè súnra. Bí eegun bá ti so tán, tí irin tó kán kò dun èèyàn, wọ́n lè fi sílẹ̀ síbẹ̀ títí ayé. Ibi tí eré ti parí ni kí irin pẹlẹbẹ dá sí méjì, kí ojúgun máa mì níbi tí kò ti ní oríkèé. Ti àbúrò yín nìyẹn, Àǹtí. Dókítà yín kò parọ́.

Yíyọ rẹ̀ náà kì í ṣe eré. Ẹnu súkúrúù á ti jẹ, èyí tó kán á ti rì sínú eegun. Bó bá jẹ́ ọ̀pá inú ló dá, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń há síbẹ̀, wọ́n á máa fi ìkọ́ fà á bí ẹni fa garawa tó jábọ́ sínú kànga. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ kejì máa pẹ́ ju ti àkọ́kọ́, ẹ má rò pé wọ́n ń wá owó.

* * *

Ó ní ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú gbogbo ìbẹ̀rù irin yìí. Ní 1939, ní ìlú Kiel ní Jámánì, dókítà kan tó ń jẹ́ Gerhard Küntscher bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀pá irin bọ inú eegun itan tó kán. Ogun ń lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọ̀tá tí wọ́n mú lẹ́rú padà sílùú wọn, tí wọ́n ya X-ray fún wọn, ẹnu ya àwọn dókítà wọn: irin gbọọrọ kan ló wà nínú itan, aláìsàn sì ń rìn! Àwọn náà bẹ̀rù rẹ̀ bíi tiwa.

Èyí tí wọ́n fi sí mi lẹ́ẹ̀kejì, SIGN ni orúkọ rẹ̀. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Lewis Zirkle, tó ti ṣiṣẹ́ lójú ogun Vietnam, ló dá àjọ tó ń ṣe é sílẹ̀ ní 1999, ní ìlú Richland. Wọ́n ṣe é fún irú ìlú tiwa: dókítà á lo férémù kan tó ń tọ́ka ibi tí ihò wà nínú ọ̀pá, kò ní nílò ẹ̀rọ tó ń ya X-ray bí iṣẹ́ abẹ ṣe ń lọ. Iná lọ, iná dé, súkúrúù á bọ́ sí ihò. Ẹni tó kọ̀wé pé "irin ọ̀fẹ́, irin burúkú", irin kan náà ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń tà. Dókítà á fi X-ray ránṣẹ́ sí àjọ SIGN, àwọn náà á fi irin mìíràn rọ́pò èyí tó lò. Èmi tí mò ń gbẹ́rù wọlé, n kò rí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n gé eegun díẹ̀ níbi ìbàdí mi, wọ́n kó o sí ojú ibi tó kán. Ìbàdí yẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi, nítorí náà èmi ń kìlọ̀ fún yín. Mo sì jù sìgá nù. Oṣù 5, ó so. Nínú oṣù 5 yẹn, bí mo bá wọ Máíkírà láti Gate lọ sí Bódìjà, owó èèyàn méjì ni mò ń san níwájú, nítorí ọ̀pá ìrìn àti ẹsẹ̀ tí kò ká. Ẹ fi ìyẹn sínú ìṣirò owó yín, kì í hàn nínú bíìlì.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí "ta ni ká mú". Lọ́yà tó wà láàrín wa ní kí wọ́n lọ sí kóòtù kíákíá. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò ní dúró de kóòtù. Ẹ kọ́kọ́ gba gbogbo ìwé: fíìmù X-ray látọjọ́ kìíní, ìwé tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ abẹ, rìsíìtì irin. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ó wà nínú ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018. Ẹ to fíìmù wọ̀nyẹn bí oṣù ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí dókítà mìíràn wò ó. Bó bá hàn pé ẹnìkan rí i ní oṣù kẹfà pé eegun kò so, tó ní kó máa rìn lọ láì ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, MDCN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà, ló ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ní kó wá ní oṣù kẹta, tí kò lọ nítorí owó ọkọ̀ (èmi nìyẹn), ẹ máa ní sùúrù.

* * *

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo bi í léèrè. Ó ní ojú kan wà tó kéré bí orí ìṣáná, ó máa ń tú omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti oṣù kẹrin, ó máa ń fi òwú nù ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni! A sọ fún dókítà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ó dà bíi pé kòkòrò wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní fi irin mìíràn sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

* * *

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí tí eegun kò fi so nìyẹn. Wọ́n á yọ irin, wọ́n á fọ ibẹ̀, wọ́n á gbé ẹran díẹ̀ lọ yẹ̀ wò láti oríṣiríṣi ojú kí wọ́n lè mọ irú kòkòrò tó jẹ́, kí oògùn tí wọ́n máa fún un lè bá a mu. Nítorí náà, kó má ṣe ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́místì fúnra rẹ̀ báyìí. Ó lè fi kòkòrò náà pa mọ́ lójú àyẹ̀wò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi irin òde dì í fún ìgbà díẹ̀, èyí tó dà bí àgò lára ẹsẹ̀. Ti Ilizarov, dókítà ará Rọ́ṣíà kan, òun ni wọ́n máa ń lò bí ọ̀rọ̀ bá le. Ojú á tì í nínú ọkọ̀, àwọn ọmọdé á máa wò ó. Kó wọ sòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀.

Bàbá yín ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n wá sí Gate lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Irin tèmi tó kán wà nínú ìgò lórí káńtà. Mo tún ní hángà kan tí mi ò tíì já.